Fítámì Kì í Pọ̀ Jù Lára

Adjamé, Abidjan
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án, 1999

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu díẹ̀? Èmi àti Yessoufou ọkọ mi wà láàyè, a dúpẹ́. Ó ṣì ń ta táyà níbi tí ẹ bá a nígbà ìgbéyàwó wa, ó ní kí n kí yín dáadáa.

Kì í ṣe ìkíni nìkan ni mo fẹ́ fi ìwé yìí ṣe. Ọ̀rọ̀ Kassim ọmọ yín ni. Ó pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò tíì rìn. Bí mo bá gbé e dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á tẹ̀ síta bí ọrun, á sì bú sẹ́kún. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Àwọn obìnrin inú àgbàlá ń wò wá, ìwò yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, Henriette lorúkọ rẹ̀, tẹ eegun rẹ̀ wò, ó sì bi mí ibi tí ọmọ ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ní ọ̀dọ̀ mi ni. Ó wo aṣọ ẹlẹ́hàá tó bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, ìwọ náà ńkọ́? Mo ní nínú yàrá ni, pé páànù àwọn ará ilé kejì ti bo àgbàlá wa. Kò bá mi jà. Ó ní ẹ̀sìn mi kò jẹ̀bi, oòrùn ni ọmọ kò rí. Ó ní oòrùn tó bá kan awọ ara ló ń di fítámì D nínú ara, fítámì yìí ló sì ń jẹ́ kí eegun rí ohun tó fi ń le. Kí n wá ibì kan nínú ilé tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń wọlé, kí n máa bọ́ aṣọ ọmọ níbẹ̀, kí èmi náà ká apá aṣọ mi sókè. Lẹ́yìn náà ó ṣẹ́ ọrùn ìgò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ampoule, ó da òróró inú rẹ̀ sí i lẹ́nu, ó na ìka kan sókè sí mi. “Une seule, Madame.” Ẹyọ kan ṣoṣo. Kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Bàbá, ẹyọ kan fún oṣù mẹ́ta? Òróró tí kò kún ṣíbí? Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n pín oògùn lójú fèrèsé díspẹ́ńsárì, ẹ̀yin ni mo mọ̀ ní dókítà. Taïrou awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá kò ní pẹ́ padà síbí. Ẹ fi èsì rán an.

Ọmọ yín,
Nímọ́tà


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, 1999

Nímọ́tà ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ-ọmọ mi tí n kò tíì fojú rí. Orúnkún mi kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá rẹ olóògbé ló jọ.

Má bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ báyẹn, mo ti rí i kí a tó bí nọ́ọ̀sì rẹ. Àìsàn fítámì ni, ó sọ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan fún oṣù mẹ́ta! Ṣé bí ènìyàn bá jẹun lónìí, yóò dúró di oṣù mẹ́ta kó tó tún jẹ òmíràn? Ahun ni wọ́n níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń ṣọ́ oògùn bí ẹni ń ṣọ́ góòlù.

Gbọ́ ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ìyá tó bá dé ojú fèrèsé mi: fítámì kì í pọ̀ jù lára. Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Èyí tí ara bá fẹ́, á gbà á. Èyí tí kò bá fẹ́, ènìyàn á tọ̀ ọ́ dànù. Ṣé o gbàgbé ìgbà tí mo ń fún ọ ní fítámì ní kékeré, tí ìtọ̀ rẹ di yẹ́lò, tí o ń sunkún pé ibà pọ́njú ti mú ọ? Èyí tó ṣẹ́kù ló ń jáde yẹn. Ǹjẹ́ ó pa ọ́?

Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, fún un ní ampoule kan. Àwọn obìnrin tó ń ta oògùn nílẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ, kó rà á lọ́wọ́ wọn. Má wulẹ̀ da Henriette láàmú. Mo fi ìgò kọdilifa mẹ́rin rán Taïrou, epo ẹ̀dọ̀ ẹja ni. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Kí ọdún yìí tó parí, á máa sáré.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún, n kò rí fọ́tò rẹ̀. Ṣé fọ́tò náà wà nínú ẹ̀há ni?

Àrìmíyàù, bàbá rẹ


Adjamé
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 1999

Bàbá mi,

Ẹ kú àánú wa. Kọdilifa dé láìfọ́. Fọ́tò tí ẹ fi ń bá mi jà nìyí, Yessoufou ló gbé e lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, ẹ má bínú pé ojú rẹ̀ le bí ojú yín.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù yìí. Ó ti di márùn-ún. Yessoufou kọ́kọ́ ní ṣé kí a má bi Henriette ná, mo ní kí ó máa ta táyà rẹ̀, kí ó fi oògùn sílẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá, ó ti di ògiri mú, ó dúró! Mo pe Yessoufou kí ó wá wò ó, àwọn obìnrin inú àgbàlá náà sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ ò rí i bí ó ti ń mu omi. Ó ń fa ẹnu búùtà àlùwàlá mu, bí mo bá gbà á, á máa wọ́ tẹ̀lé mi. Ó sì ń tọ̀ láìdákẹ́, aṣọ ìdí rẹ̀ kì í gbẹ lórí okùn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń ṣẹ, èyí tí ara kò fẹ́ ló ń jáde. Oúnjẹ nìkan ni kò fẹ́ wò mọ́, ó sì di ọjọ́ mẹ́rin tí kò yàgbẹ́. Kí ni kí n ṣe sí ìyẹn?

Henriette ní kí n wá ní ìparí oṣù Kọkànlá. N kò mọ̀ bóyá kí n lọ. Bí ó bá bi mí ohun tí mo fún un, kí ni màá sọ?

Nímọ́tà


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, 1999

Nímọ́tà,

Ọmọ yẹn lẹ́wà, èmi gan-an ló jọ. Mo ti fi fọ́tò náà han gbogbo ìjọ mọ́ṣáláṣí wa.

Omi tó ń mu, àmì ire ni. Ìtọ̀ tó ń tọ̀, ẹ̀rí ni. Fún un ní ìbẹ́pẹ pípọ́n, inú rẹ̀ á rọ̀. Ti oúnjẹ, ọmọ tó fẹ́ yọ eyín kì í jẹun.

O tún ń mẹ́nu ba Henriette. Ta ló kọ́ ọ ní ABD, Henriette ni? Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá tọ́ tán, gbé e lọ kí ó wò ó, kí ó mọ̀ pé a ń wo aláìsàn nílùú àwa náà. Má dá oògùn dúró lágbede méjì, ọ̀nà tí àìsàn fi ń padà nìyẹn.

Bàbá rẹ


Adjamé
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, 1999

Bàbá,

Ẹ kú ààwẹ̀, kí Ọlọ́run gbà á. Taïrou ti lọ kí n tó parí ìwé yìí, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo fi sí, n kò mọ ọjọ́ tí yóò dé.

Kassim kò dáa. Ó ń bì. Wàrà tó bá mu, á bì í. Ìbẹ́pẹ, á bì í. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú. Kò di ògiri mú mọ́, ó kàn ń sùn, bí mo bá jí i, á wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí, á sì nawọ́ sí búùtà. Yessoufou ní ẹnu àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ló ń jà. Mo rò pé oògùn tó ń bì dànù ni kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, nítorí náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń fún un ní méjì, ọ̀kan ní ọjọ́ Ajé, ọ̀kan ní Jímọ̀. Ṣé mo ṣe é dáadáa?

Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ bá Henriette. Ìka kan ló nà sókè sí mi. N kò lọ ní ọjọ́ tó dá fún mi.

Bàbá, ẹ tètè dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́.

Nímọ́tà


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá, 1999

Nímọ́tà,

Kò sí ìkíni nínú ìwé yìí. Bí ampoule bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e sílẹ̀. Má fún Kassim mọ́. Má fún un ní kọdilifa mọ́, bó ṣe ṣíbí kan. Gbé e lọ bá Henriette lónìí, kó gbogbo òfìfo ìgò tó wà nílé dání kí ó kà wọ́n, má fi ọ̀kan pamọ́. Bí ó bá bú ọ, jẹ́ kó bú ọ.

Mo mọ̀ pé o máa bèèrè ìdí. Mo lọ sí Ìbàdàn lánàá nítorí ìwé ìfẹ̀yìntì mi. Mo yà kí Fúnmiọlá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́, tó ti di apoògùn báyìí. Mo mú fọ́tò Kassim jáde, mo ń fọ́nnu bí mo ti ń wò ó láti Ògbómọ̀ṣọ́ láìfọwọ́ kàn án. Fúnmiọlá gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni a ti ń fún un. Mo ní ó ti di méjìlá. Ó ní, “Ẹ gbọ́ sà, ṣé ọmọ ń mu omi púpọ̀?” N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ omi fún un, Nímọ́tà. N kò tíì sọ ọ́ rárá.

Ó ní oríṣi méjì ni fítámì. Èyí tí mo fi gbogbo ayé mi pín jù, B àti C, omi ló ń yọ́ wọn, kíndìnrín á sì da àṣẹ́kù nù. Òótọ́ ni mo sọ nípa àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n A, D, E àti K, ọ̀rá ló ń yọ́ wọn. Ọ̀rá inú oúnjẹ ni wọ́n ń bá wọlé, inú ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ara ni ara sì ń tọ́jú wọn sí, tí á máa ná wọn díẹ̀díẹ̀. Kò sí èyí tí kò wúlò. A ni ojú fi ń ríran, K ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n A àti D kò mọ ọ̀nà àtijáde, ńṣe ni wọ́n ń ga sí i bí a bá ti ń dà á lé wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan fi tó fún oṣù mẹ́ta. Henriette kì í ṣe ahun.

Bí D bá ti pọ̀ jù, á máa kó ohun tí eegun fi ń le wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sínú kíndìnrín, á dì síbẹ̀ bí ẹfun. Ìtọ̀ tí mo pè ní ẹ̀rí, kíndìnrín tó ń jìyà ni. Kọdilifa tí mo fi ránṣẹ́, A àti D náà ló kún inú rẹ̀.

Taïrou ń lọ lọ́la. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má ya ibì kankan.

Bàbá rẹ


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kejì oṣù Kìíní, 2000

Nímọ́tà,

Taïrou padà wálé lánàá pẹ̀lú ìwé mi nínú àpò rẹ̀. Ó ní wọ́n dá àwọn dúró ní ẹnubodè, pé àwọn ṣójà ti gba ìjọba lọ́dọ̀ yín ní Jímọ̀ tó ṣáájú ọdún Kérésì, pé kò sí mọ́tò tó ń kọjá. Mo ti lọ sí ilé tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Láti àná, kò tilẹ̀ dún mọ́.

Ìwé rẹ ti oṣù Kejìlá dé láàárọ̀ yìí. Méjì lọ́sẹ̀.

Taïrou tún ń lọ lọ́la, ó ní wọ́n ti ń ṣí ọ̀nà. Mo fi ìwé ti àkọ́kọ́ sínú èyí. Ka ìyẹn ṣáájú.

Bàbá rẹ


Abidjan
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kìíní, 2000

Bàbá,

Ìwé yín dé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Mọ́tò Taïrou bàjẹ́ lọ́nà, ó dá wọn dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Ní Jímọ̀ tí àwọn ṣójà gba ìlú, Yessoufou sáré wálé, a ti ilẹ̀kùn, àwọn tó ń jalè sì fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbọn ń dún lọ́nà àdúgbò Plateau. Mo fún Kassim ní ampoule bí ó ti ń dún, torí pé Jímọ̀ ni. Mo fún un ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Mo ń fún un títí ìwé yín fi dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kò bèèrè omi mọ́, inú mi sì dùn sí ìyẹn.

Mo gbé e lọ bá Henriette ní ọjọ́ kejì tí ìwé dé. Ó to òfìfo ìgò náà sórí tábìlì, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Kò bú mi. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bá wa wọ taksí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì gbé Kassim lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí a fi dé.

Ibẹ̀ ni a wà. Wọ́n fa omi sí i lára. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, dókítà sì fi hàn mí: kíndìnrín méjèèjì ti funfun yíká. Mo bi í ìgbà tí oògùn náà yóò jáde lára rẹ̀. Ó ní èyí tí mo fún un láti oṣù Kẹwàá ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, pé lójoojúmọ́ ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé mo ṣì ń fún un. Ó lè di oṣù Kẹfà. Ó ní òun kò lè sọ bí kíndìnrín yóò ti rí nígbà náà. Wọ́n ní kí n má fún un ní wàrà. Wọ́n ní kí n má gbé e sí oòrùn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tọ́, Bàbá. Ó tọ́ gan-an. Kò lè fi í dìde.

N kò bú yín. Ọwọ́ mi ni mo fi fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn bí mo ti jókòó tì í. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyá mélòó ni ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún lójú fèrèsé?

Nímọ́tà


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì, 2000

Nímọ́tà ọmọ mi,

Láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti dé ni mo ti ń gbé gègé tí mo ń gbé e sílẹ̀. N kò ní bẹ̀ ọ́ nínú ìwé. Mo ti sọ fún Taïrou kó fi àyè kan sílẹ̀ fún mi nínú mọ́tò, orúnkún mi á ṣe bó bá ti lè ṣe é. Ó dùn mí pé o kò bú mi. Ìbá sàn kí o bú mi.

O bi mí ìyá mélòó. N kò mọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo pín, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kọdilifa wà níbẹ̀, àwọn hóró fítámì A pupa wà níbẹ̀, mo sì ń rọ àwọn aboyún pé kí wọ́n máa lò ó dáadáa, bẹ́ẹ̀ Fúnmiọlá ní A tó bá pọ̀ jù lè ba ọmọ jẹ́ nínú oyún. Wọ́n ti kó ìwé àkọsílẹ̀ wa dànù nígbà tí wọ́n tún ilé náà kọ́. Ojú àwọn mẹ́ta péré ni mo rántí dáadáa. Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Àná ni mo lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, Ìyá Abímbọ́lá. Ó ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ó dá mi mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Dókítà, ó ké sí àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n wá wo ẹni tó tọ́jú àwọn. Abímbọ́lá wà láàyè, mo dúpẹ́. Wọ́n gbé àga fún mi. Ìgò kọdilifa wà lórí pákó lókè orí rẹ̀, ó ti dín dé ìdajì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tí kò tíì pé ọdún kan sì jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìlànà mi ni àwọn ń tẹ̀ lé di òní. Ó ti fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn náà ti fi kọ́ àwọn aya tó wà ládùúgbò ọkọ wọn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, nítorí fítámì kì í pọ̀ jù lára.

Mo sọ ọ́ fún un, Nímọ́tà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo mẹ́nu kan Kassim, mo mẹ́nu kan kíndìnrín, omi ń bọ́ lójú mi níwájú àwọn ìyàwó ilé. Ó fi sùúrù tẹ́tí títí mo fi parí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú.

“Dókítà,” ó ní, “ẹ ti darúgbó ni. Ohun tí ẹ sọ fún wa nígbà tí ọpọlọ yín ṣì jí pépé ni àwa mú.”

Ó sì sọ ìgò náà kalẹ̀, ó bu ṣíbí kan fún ọmọ náà lójú mi.

Àrìmíyàù